Ayọjúràn Lójú Kọ̀ǹpútà Ìjọ: Linux Lè Ṣọ́ Ẹ̀rọ, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọwọ́ Tí Ń Tẹ̀ Ẹ́?

Kò sí awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lójú pópó ní ilẹ̀ wa tí kò mọ ẹ̀tàn táyà. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń na ìka sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń pariwo pé táyà fẹ́ yọ, tàbí pé èéfín ń jáde lábẹ́ mọ́tò. Ojú rẹ̀ kún fún àánú. Bí awakọ̀ bá gbà á gbọ́ tí ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní pẹ́ tí mẹkáníìkì kan yóò fi yọ láti abẹ́ igi, bí ẹni pé Ọlọ́run ni ó rán an wá. Yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, yóò da òróró dúdú díẹ̀ sí ibi tí ojú lè rí, yóò sì dárúkọ owó. Ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan kí ó tó dúró. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn gbájúẹ̀ wọ̀nyí nílò ni pé kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ bíréèkì.

Òrè, ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ìlú oríta. Ẹni tí ó ń ti Èkó àti Ṣágámù lọ sí Benin ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì já sí i. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí onírúurú èrò, wọ́n sì ti rí onírúurú ẹlẹ́tàn; ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ wọn ní ọgbọ́n ojú pópó. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan náà ti kúrò lójú títì báyìí, ó ti wọ inú ọ́fíìsì ìjọ, níbi tí akọ̀wé jókòó sí níwájú kọ̀ǹpútà tí kò sì sí ẹni tí yóò kì í nílọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akọ̀wé ìjọ kan ní Omifúnfún, ní agbègbè Òrè àti Odìgbó yìí kan náà, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Ìkórè. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Ẹgbẹ́ akọrin ti ní kí ó bá àwọn wá ìwé orin kan tí wọ́n fẹ́ kọ ní ọjọ́ Àìkú, ó sì rí ìkànnì kan tí ó sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ó tẹ ibi tí a kọ “Download” sí. Dípò ìwé orin, ojú-ìwé mìíràn fò jáde, ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, fèrè ìkìlọ̀ sì ń ké nínú rẹ̀. Wọ́n fi àmì ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí orí rẹ̀. Ó ní kòkòrò márùn-ún ti wọ inú kọ̀ǹpútà yìí. Ó ní bí a kò bá pe nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú méjì, gbogbo àwòrán, gbogbo ìwé àti owó tí ó wà ní báǹkì yóò lọ. Aago kan sì ń ka ìṣẹ́jú náà sẹ́yìn.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pop-up nìyí. Ní ti wa, a ó máa pè é ní ayọjúràn nínú àròkọ yìí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn: a kò pè é, ó yọjú, a kò bi í, ó dáhùn.

Kọ̀ǹpútà akọ̀wé wa yìí kì í lo Windows. Linux ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ kan tí ó ti Èkó bọ̀ wá lo ìsinmi ni ó fi sí i, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò kì í ja Linux. Nítorí náà ọkàn akọ̀wé balẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ó balẹ̀? A ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ àti àwọn àlùfáà. Ìdáhùn tí a ní ni pé ìdajì ohun tí ọmọ ìjọ yẹn sọ jẹ́ òtítọ́, ìdajì kejì ni ó léwu.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí Linux jẹ́ fún ẹni tí orúkọ náà ṣàjèjì sí. Òun ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí ó lókìkí ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa, ọ̀rọ̀ kan náà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé pé ènìyàn kò lè dá jẹ́ ènìyàn. Títí di ọdún 2011 ni wọ́n fi ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2007, ọ̀rọ̀ Linux di awuyewuye ní Nàìjíríà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Faransé tí ń jẹ́ Mandriva kéde pé ètò tirẹ̀ ni yóò wà nínú kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí a sì tún gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ láti fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì sọ pé òun kò fọwọ́ kan Linux rí, kí ó wo àpò rẹ̀: lórí ìpìlẹ̀ Linux ni a kọ́ Android lé, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdajì tí ó jẹ́ òtítọ́ nìyí. Kòkòrò tí a kọ fún Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kò ti lè ṣí ti ẹlòmíràn. Bí ayọjúràn bá ju fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí “.exe” sínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé wa, yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, àfi bí ẹnìkan bá ti fi ètò mìíràn sí i tí ó lè ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ń lo Linux lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yí ohun tó jinlẹ̀ padà, ẹ̀rọ yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ibi ìkó-ètò-sí kan náà, tí àwọn tí ń tọ́jú Linux ń ṣọ́, ni a sì ti máa ń mú ètò tuntun. A kì í kó wọn kiri láti orí ìkànnì tí a kò mọ bàbá rẹ̀. Ààbò gidi ni gbogbo èyí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ta ni ayọjúràn yẹn ń bá sọ̀rọ̀? Kò bá Linux sọ̀rọ̀ rárá. Akọ̀wé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ irú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Omifúnfún. Ó kàn ju ariwo náà sójú títì ni, ó sì ń retí ẹni tí yóò tẹ bíréèkì. Ẹ̀rí pé irọ́ ni sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, nítorí ó ń sọ fún ẹni tí ń lo Linux pé Windows rẹ̀ ti bàjẹ́. Microsoft fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìkìlọ̀ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ òun wá kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú láéláé.

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1990, Ethan Zuckerman ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Tripod ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ojú-ìwé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan bínú nígbà tí wọ́n rí ìpolówó wọn lórí ojú-ìwé kan tí ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí orúkọ wọn bá rìn. Kí wọn má baà sọ pé ìpolówó náà wà lórí ojú-ìwé yẹn, Zuckerman kọ ètò tí yóò ṣí fèrèsé tuntun fún un lọ́tọ̀. Bí a ti bí ayọjúràn nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Atlantic, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráyé. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó dá Geekcorps sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, èyí tí ó ń kó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sí Ghana láti ran àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ibẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní èrò ibi. Ẹni tí ó la ọ̀nà oko lè má mọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wá jalè.

Àwọn tí wọ́n máa ń lọ sí káfè ayélujára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 yóò rántí bí fèrèsé ìpolówó ṣe máa ń ṣí léra wọn títí kọ̀ǹpútà yóò fi dákú, tí owó wákàtí sì ń lọ. Ìsinmi dé díẹ̀ ní ọdún 2004, nígbà tí Firefox àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú agbára láti dí wọn, tí Microsoft náà sì fi irú agbára bẹ́ẹ̀ sínú búráúsà tirẹ̀ lórí Windows XP. A rò pé ó ti parí. Kò parí o. Àwọn gbájúẹ̀ kàn wá ilẹ̀kùn mìíràn ni.

Ilẹ̀kùn tuntun náà ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí òun ni ó ń mú àwọn ènìyàn wa jùlọ, kò sì bìkítà bóyá Linux ni o ń lò tàbí òmíràn. Láti ọdún 2015 ni búráúsà Chrome ti gba àwọn ìkànnì láyè láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá gbà wọ́n láyè; Firefox tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ète rẹ̀ dára: kí ilé ìròyìn lè sọ fún ọ pé ìròyìn tuntun ti dé, kí lẹ́tà tuntun lè kan ilẹ̀kùn. Àpótí kékeré kan yóò jáde, yóò béèrè bóyá kí òun máa wá, a ó sì tẹ “Allow” tàbí “Block”. Kí ni gbájúẹ̀ ṣe? Ó kọ ọ́ sí ojú-ìwé rẹ̀ pé kí o tẹ “Allow” láti fi hàn pé ènìyàn ni ọ́, pé o kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Tàbí kí o tẹ̀ ẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ wò lè bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí o tẹ̀ ẹ́ kí o lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, irú líǹkì tí a máa ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp láàárọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, àní nínú ẹgbẹ́ àdúrà pàápàá.

Ẹni tí ó bá tẹ “Allow” ti dá májẹ̀mú. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó tilẹ̀ ti ti ojú-ìwé yẹn, ìkìlọ̀ èké yóò máa yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀: kòkòrò dé, àkáǹtì rẹ ti fẹ́ tì, o jẹ ẹ̀bùn. Lórí Linux, ètò ìfitónilétí ti kọ̀ǹpútà gan-an ni ó sábà máa ń gbé e jáde, ní ìrísí kan náà tí ó fi ń sọ pé bátìrì fẹ́ tán. Nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ̀rọ̀. Firefox rí ewu yìí, ó sì ṣe é láti oṣù kìíní ọdún 2020 pé kí ìbéèrè náà má ṣe máa fò jáde fúnra rẹ̀ mọ́ kí olùlò tó fọwọ́ kan nǹkan lórí ojú-ìwé náà. Chrome náà dín ariwo rẹ̀ kù ní ọdún kan náà. Síbẹ̀ kò sí búráúsà tí ó lè gba ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mú.

Ìtàn àwọn ará Gíbéónì nínú ìwé Jóṣúà orí 9 ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Wọn kò ko ogun wá. Aṣọ gbígbó, bàtà tí a lẹ̀ àti àkàrà tí ó ti bu ni wọ́n kó wá, àwọn àgbà Ísírẹ́lì sì wo ẹrù náà, wọn kò béèrè lọ́wọ́ Olúwa, wọ́n búra. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé aládùúgbò wọn ni. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò lè yí ìbúra tiwọn padà. Ti búráúsà ṣeé yí padà, a dúpẹ́. A ó sọ bí a ti ń ṣe é láìpẹ́.

Ilẹ̀kùn mìíràn ni àfikún kékeré tí a ń so mọ́ búráúsà, irú èyí tí ayọjúràn máa ń sọ pé òun yóò fi ṣọ́ ọ. Ohun kan náà ni ó jẹ́ lórí Windows àti lórí Linux, nítorí inú búráúsà ni ó ń gbé. Bí a bá sì fún un ní àyè, ó lè máa ka gbogbo ohun tí a ń kọ sórí ojú-ìwé, títí kan ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti báǹkì. Ilẹ̀kùn tí ó rọrùn jù ni fọ́ọ̀mù lásán: kọ orúkọ rẹ, kọ nọ́ńbà BVN rẹ, kọ nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì rẹ. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Ìwọ ni ó fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́.

Èyí tí ó tuntun jùlọ ni ó yẹ kí ó ba àwọn tí ń fi Linux yangàn lẹ́rù díẹ̀. Láti ọdún 2024 ni ẹ̀tàn kan ti gbilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ààbò ń pè ní ClickFix. Ojú-ìwé kan yóò sọ pé láti fi hàn pé ènìyàn ni ọ́, kí o tẹ bọ́tìnì kan. Bọ́tìnì náà yóò da àṣẹ kan kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ ní ìkọ̀kọ̀. Yóò wá ní kí o ṣí àpótí àṣẹ, kí o lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí o tẹ “Enter”. Windows ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn olùwádìí ròyìn irú ojú-ìwé kan tí ó wọ ẹ̀wù Ilé-iṣẹ́ Ààbò ilẹ̀ Íńdíà, tí ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ fún ẹni tí ń lo Linux: ó ní kí ó tẹ Alt àti F2, kí ó lẹ àṣẹ náà, kí ó tẹ “Enter”. Ohun tí àṣẹ náà ṣe nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kò ju pé ó ṣí àwòrán kan lọ, bí ẹni tí ń dán ilẹ̀kùn wò bóyá ó tì. Ẹni tí ó bá dán ilẹ̀kùn wò lónìí kò ní kó aṣọ ìgúnwà wá bí ó bá padà wá lọ́la.

A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ibi ìkó-ètò-sí Linux pàápàá kì í ṣe ilé Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ ìkànnì Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó gbajúmọ̀, wọ́n sì darí àwọn tí ó wá gba ètò náà lọ síbi tí a ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí i. Àwọn alábòójútó rẹ̀ rí i kíákíá, wọ́n sì kéde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ́ni pé ẹ̀mí ìdánilójú tí a ń pè ní “kò lè ṣe mí” kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Ṣé àdánù náà pọ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní àwọn ọmọ àti àwọn òbí. Ẹ̀ka FBI tí ń gba ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 2023, owó tí àwọn ènìyàn pàdánù sọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, tàbí bí òṣìṣẹ́ tí ń ran oníbàárà lọ́wọ́, lé ní mílíọ̀nù 900 dọ́là. Ní ọdún 2024, ó lé ní bílíọ̀nù 1.4. Àwọn arúgbó ni ó ń forí fá a jùlọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba fóònù náà ló wà ní Íńdíà, àwọn agbófinró ibẹ̀ sì ya wọ ọ̀pọ̀ ilé wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Níbi yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan bí ó tilẹ̀ korò. Àwa náà ní àwọn tiwa. Orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ fún ayé ní orúkọ 419, tí ó sì ní láti dá EFCC sílẹ̀ ní ọdún 2003, kò lè nawọ́ sí Íńdíà nìkan. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó bá gbé ọkọ̀ ńlá wọ ọgbà ìjọ wá ṣe ìdúpẹ́, tí a sì pe orúkọ rẹ̀ sórí gbohùngbohùn láìbéèrè ibi tí owó ti wá, ó ṣeé ṣe kí owó ìyá arúgbó kan wà nínú ọpọ́n náà, ìyá tí fèrèsé pupa kan dẹ́rù bà. Ìjọ tí ó bá ń kìlọ̀ fún akọ̀wé rẹ̀ nípa ayọjúràn gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọ kì í ṣe owó nìkan, èyí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ kò tíì rò dé. Ìwé orúkọ ìjọ wà níbẹ̀: ta ni ó ṣe ìrìbọmi, ta ni ó ṣe ìgbéyàwó, ta ni ó ń san ìdámẹ́wàá àti èló, nọ́ńbà fóònù opó àti ti aláìsàn tí a ń gbàdúrà fún. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ àwọn ìsọfúnni ẹlẹgẹ́ tí ó ní ààbò pàtàkì. Òfin náà gba ẹgbẹ́ onísìn láyè láti pa ìsọfúnni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí wọ́n ṣọ́ ọ. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè ṣe àwọn ènìyàn náà ní ibi, a ní láti fi tó àjọ tí ń mójú tó o létí láàrin wákàtí 72. Kò sí ibi kankan tí òfin náà ti yọ ìjọ kékeré láàrin oko kòkó sílẹ̀.

Kí wá ni kí akọ̀wé wa ní Omifúnfún ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn? Kí ó yí ohùn kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ ná, nítorí ariwo ni ó ń mú kí ọkàn pòrúurùu. Kí ó má pe nọ́ńbà náà, kí ó má sì tẹ ohunkóhun nínú fèrèsé náà, àní ibi tí a kọ “Close” sí pàápàá, nítorí ẹni tí ó ya ilé èké lè ya ilẹ̀kùn èké sí i. Bọ́tìnì Esc, bí a bá dì í mú fún ìgbà díẹ̀, yóò sábà dá ojú kọ̀ǹpútà padà sí bí ó ti yẹ. Alt àti F4 yóò ti búráúsà. Bí ó bá tún ṣorí kunkun, kí ó ṣí System Monitor, kí ó wá orúkọ búráúsà níbẹ̀, kí ó sì pa á. Bí kò bá mọ èyí náà, kí ó pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó bá tún ṣí búráúsà, tí ó sì béèrè bóyá kí òun dá àwọn ojú-ìwé àná padà, kí ó kọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí Settings, níbi Privacy, kí ó wá Notifications, kí ó sì yọ gbogbo ìkànnì tí kò mọ̀ kúrò. Májẹ̀mú Gíbéónì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni a ti ń fà á ya. Kí ó wo àwọn àfikún búráúsà pẹ̀lú.

Àwọn ìgbìmọ̀ náà ní tiwọn láti ṣe. Linux gbà kí a ṣí àyè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí ni ó dé tí akápò, akọ̀wé àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá orin yóò fi máa lo ọ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri? Àkáǹtì ìjọ tí ènìyàn méjì ní láti fọwọ́ sí kí owó tó jáde, ayọjúràn kan kò lè kó o tán ní alẹ́ kan.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá ìkìlọ̀, tí akọ̀wé ti kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú fọ́ọ̀mù tàbí tí ó ti lẹ àṣẹ tí kò mọ̀, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ó fi ṣe àtúnṣe, kí ó sì yọ èyí tí ó ní àbùkù kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹni tí ó mọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti í-méèlì ni kí ó kọ́kọ́ yí padà, nítorí ẹni tí ó bá ní í-méèlì lè gba gbogbo ìyókù láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ti báǹkì, pẹ̀lú ìpè sí ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn jìbìtì ní báǹkì náà ní alẹ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ fún àlùfáà. A ti rí i pé ibi ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: ojú ń tì wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé wọn yóò dárúkọ wọn níwájú ìjọ bí olè tàbí òmùgọ̀, wọ́n a sì gbé e mì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àlùfáà tí ó bá fẹ́ tètè gbọ́ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú, ní gbangba, pé ẹni tí ó bá wá sọ kò ní rí ìbínú òun, nítorí wákàtí 72 ti òfin kò ní dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó wà ní òpin oṣù.